Kí ẹ tó gbéra lọ sí káńsù: ohun tí mo ti rí nídìí ìwé gbígbà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun wá ìwé ìjọba, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ọwọ́ ta ni ìwé ńlá tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí wà. Ọ̀pọ̀ ìyà tí àwọn èèyàn wa ń jẹ lẹ́nu ọ̀nà káńsù, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ìwé ìbí á lọ jókòó ti akọ̀wé alága. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tó fẹ́ rà ní ọ̀rọ̀ nínú á lọ bá ẹni tó ń gba owó ìsọ̀ lọ́jà, torí pé ọmọ àdúgbò ni. Onítọ̀hún kò ní sọ pé òun kò mọ̀. Á ní kó padà wá lọ́la.

Ẹ wo ọgbà káńsù kan dáadáa, ẹ ó rí i pé ìjọba mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí ní ìtòsí ibẹ̀. Àjọ tó ń ka èèyàn, tí gbogbo wa ń pè ní NPC, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni NIMC tó ń ṣe NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ àti àṣẹ ilé kíkọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Abẹ́òkúta sì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ohun tó jẹ́ ti káńsù gan-an wà nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999: ọjà àti ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi. Ìkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀, èyí ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí Òfin 69 ti ọdún 1992 ti gbé ìkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé NPC lọ́wọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ìwé ìbí tí káńsù kọ fún bàbá yín láyé ọjọ́un kì í ṣe ayédèrú. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e dé ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù lónìí, ti NPC ni wọ́n máa bèèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káńsù wo. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, 9 ló jẹ́ ti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ti Rẹ́mọ ni Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, àti Àríwá Rẹ́mọ tí káńsù rẹ̀ wà ní Ìṣarà. Ti Ìjẹ̀bú ni Ìjẹ̀bú-Òde, Òdògbólú, Àríwá Ìjẹ̀bú tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àríwá-Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tó wà ní Àtàn, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tó wà ní Ògbèré, àti Ogun Waterside tó wà ní Abígi. Ẹsẹ̀ ọjà ni àwọn èèyàn máa ń tẹ̀ lé, ó sì máa ń ṣì wọ́n lọ́nà. Ará Ìlíṣàn àti Ìpẹ́rù á wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, bẹ́ẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ni káńsù wọn. Ará Àgọ́-Ìwòyè á lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó ló yẹ kó lọ. Ará Ògìjo ni tiẹ̀ tún yàtọ̀: Ìkòròdú ló sún mọ́ ọn jù, àmọ́ Èkó nìyẹn, Ṣàgámù ni ìwé rẹ̀ wà.

Ẹni tó ń wá ìwé àtijọ́ tún gbọ́dọ̀ rántí pé ìjọba pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ọdún 1991, wọ́n sì tún pín wọn ní 1996 kí wọ́n tó di 774 jákèjádò Nàìjíríà. Ìwé tí wọ́n ti kọ kí wọ́n tó pín wọn kì í sábà tẹ̀ lé káńsù tuntun lọ. Bí wọ́n bá ní kò sí níbí, ẹ bi wọ́n pé káńsù wo ni wọ́n ti yọ tiwọn, kí ẹ sì lọ síbẹ̀. Èyí tó bá ti ayé òyìnbó wá, bíi fáìlì oyè àti ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú, ẹ má wulẹ̀ wá a ní káńsù. Ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ àkọlé “Ije Prof”, ìyẹn fáìlì Ẹkùn Ìjẹ̀bú, tí Rẹ́mọ wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ kò pọ̀, àmọ́ ó ń na àwọn ará Èkó àti ará òkè òkun lówó. Wọ́n á wálé fún Iléyá, wọ́n á ní àwọn á fi ìyẹn ṣe ìwé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìsinmi ìjọba sì ti gba ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá tiẹ̀ ṣí, ẹni tó máa buwọ́ lùwé ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ojúde. Ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Obìnrin tó bá fẹ́ rìnrìn àjò láàárín ìlú kéékèèké Ìjẹ̀bú lásìkò ọdún Agẹmọ, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí, kó bèèrè ọ̀nà kó tó jáde nílé.

Ó wá kan orúkọ. Bí ìwé kan bá sọnù, kì í sábà jẹ́ pé ikán ti jẹ ẹ́. Orúkọ tí ẹ fi ń wá a kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Akọ̀wé ayé àtijọ́ kì í fi àmì sí nǹkan kan, Ṣ sì ni ó máa ń dà wọ́n láàmú jù: ẹnì kan á kọ Sonubi, ẹlòmíràn á kọ Shonubi. Ṣàgámù fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Shagamu lórí ọ̀pọ̀ ìwé. Ẹ kọ gbogbo bí orúkọ náà ṣe lè rí sórí bébà kan kí ẹ tó lọ, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mùsùlùmí, oríkì, orúkọ bàbá àgbà tí bàbá fi ṣe orúkọ ìdílé kó tó yí i padà. Fún obìnrin, ẹ kọ orúkọ ilé bàbá àti ti ilé ọkọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ọdún ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni wọ́n ń kọ ìwé ńlá, kì í ṣe A, B, D. Ẹni tó bá mú ọdún àti oṣù wá, akọ̀wé á ṣí ojú-ewé díẹ̀. Ẹni tó bá mú orúkọ nìkan wá, ọ̀pọ̀ ìwé ńlá ló fẹ́ kí akọ̀wé gbọn eruku rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe é.

Àwọn àgbàlagbà tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn ńkọ́? Ní Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń bá wa tán an. Ẹ bi màmá pé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n wà, kí ẹ wá ẹlẹgbẹ́ wọn tó níwèé ìbí tàbí ìwé ìrìbọmi. Ọdún bíi mẹ́ta ló sábà máa ń wà láàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì, nítorí náà ẹ ti sún mọ́ ọn. Ọ̀nà kejì ni ilé ìwé. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ṣì ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí. Bí wọ́n bá wọlé ní ọdún àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́, ẹ yọ ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àti ti Àgùdà máa ń tọ́jú ìwé ìrìbọmi ju bí káńsù ṣe ń tọ́jú tiwọn lọ. Ẹni tí wọ́n bí sílé mùsùlùmí kò ní ní èyí, ilé ìwé ni kó gbájú mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá ti wá mú, ẹ má yí i padà mọ́ láé. Òun ni kó wà lórí NIN, báńkì, owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbígba NIN fún ìgbà àkọ́kọ́; àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí rẹ̀ ló ń dunni, ní ọdún 2025 ó ju ₦28,000 lọ, wọn á sì tún bèèrè ìwé NPC kí wọ́n tó ṣe é. Mo ti rí ẹni tó kọ ọjọ́ kan fún NIN torí pé ìlà ti gùn, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lẹ́yìn náà. Ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ló yẹ kó ṣáájú.

Ní ti ìwé ìbí fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ni. Ọmọ tuntun: òfin fún òbí ní ọjọ́ 60 láti lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni láàárín àkókò yìí. Ẹ mú ìwé tí ilé ìwòsàn tàbí agbẹ̀bí fún yín dání. Bí ọmọ kò bá tíì ní orúkọ, kò kúkú sí ìdí láti dúró pẹ́ ju ọjọ́ kẹjọ lọ. Àgbàlagbà tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: kì í ṣe sátífíkéètì ọmọ tuntun ni wọ́n máa fún un bí kò ṣe ìwé tó jẹ́rìí sí ìbí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní attestation. Ilé ẹjọ́ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Òbí, tàbí mọ̀lẹ́bí tó dàgbà ju ẹni náà lọ, á lọ búra ní kọ́tù pé òun mọ ìgbà tí wọ́n bí i àti ibi tí wọ́n bí i sí. Ìwé ìbúra yìí, NIN àti fọ́tò ni ẹ ó mú lọ sí NPC. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó búra kéré lọ́jọ́ orí sí ẹni tó ń búra fún. Akọ̀wé kọ́tù kì í wo ìyẹn, NPC á wò ó. Ẹ tún rí i pé ìlú tí ẹ kọ sínú ìwé ìbúra ni ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá kọ Ìjẹ̀bú-Òde sí ọ̀kan, tí ẹ kọ ìletò tó wà lábẹ́ Òdògbólú sí èkejì nítorí pé “ibì kan náà ni”, wọ́n á dá a padà.

Lẹ́tà pé ẹ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ jẹ́ ti káńsù pátápátá. Ààfin, baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni lẹ́tà àkọ́kọ́ ti máa ń wá, nítorí náà ẹni tó dàgbà sí ìta gbọ́dọ̀ mọ orúkọ agboolé bàbá rẹ̀ àti ìtún, ìyẹn àdúgbò, tó wà. Wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀ ní ẹnu, ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹnì kan nílé bàbá rẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ẹ mú fọ́tò mẹ́rin dání àti fọ́tòkọ́pì gbogbo ìwé yín, torí inki máa ń tán níbẹ̀, iná sì máa ń lọ.

Ti ìgbéyàwó tí a máa ń pè ní ti kọ́tù (ọ́fíìsì ìgbéyàwó káńsù ni, kì í ṣe ilé ẹjọ́) kò le bí ẹ bá mọ òǹkà rẹ̀. Ẹ ó fi ìpinnu yín sílẹ̀ lórí Fọ́ọ̀mù A, wọn á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún yín ní ìwé àṣẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí ẹ fi ìpinnu náà sílẹ̀ ni ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé; bó bá kọjá, ẹ ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹni tó bá dájọ́ àríyá kó tó ka ọjọ́ 21 yẹn ló máa ń sáré kiri.

Ilẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, gómìnà ló ń fúnni ní ìwé ilẹ̀ ìgboro. Agbára káńsù mọ sí ilẹ̀ oko tí kì í ṣe ìgboro, ìyẹn ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ níbàámu pẹ̀lú àṣà ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ káńsù ta ilẹ̀ fún yín láàárín Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, òǹtẹ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gba ìwé sọfé, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára òpó ààlà rẹ̀, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì Adarí Àgbà Àwọn Awọnlẹ̀ (Surveyor-General) ní Abẹ́òkúta láti wò bóyá sọfé náà ti wọlé sọ́dọ̀ wọn, àti bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Káńsù kò ní àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba gbà yẹn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun lè bá yín wò ó níbẹ̀, owó yín ló ń wò.

Ní ìlú kékeré, gbogbo wa la mọra. Ẹ ó dé ọ́fíìsì, ẹ ó bá ọmọ bùrọ̀dá yín, á gba ìwé lọ́wọ́ yín, á ní ẹ fọkàn balẹ̀. Inú rere ni, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè gbé òṣìṣẹ́ láti káńsù kan lọ sí òmíràn nígbàkúgbà. Lọ́jọ́ tí ọmọ bùrọ̀dá yín bá lọ sí Abígi, ìwé yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ wá rí. Ẹ lo ojúlùmọ̀ láti mọ yàrá tí ẹ máa wọ̀ àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yín fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lórí bébà, nínú fáìlì.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, tí wọ́n ń pè ní HOLGA, kì í ṣe sí alága. Alága á lọ, ipò HOLGA ló ń tọ́jú ìwé. Ẹ sọ irú ìwé tí ẹ ń wá, ọdún rẹ̀, orúkọ tàbí ibi tó kàn, àti bóyá ẹ fẹ́ wò ó ni tàbí ẹ fẹ́ ẹ̀dà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ: wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́síwèé. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹ kò tíì kọ lẹ́tà.

Ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo dárúkọ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 (FOI), èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìjà. Mo ti rí lẹ́tà tí lọ́yà kọ tó ń halẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Ìdáhùn tó gbà ni pé wọ́n ń ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò káńsù, ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí òfin náà wí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì mìíràn, ọjọ́ 3 ni wọ́n ní láti taari ẹ̀bẹ̀ yín síbẹ̀. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí kọ́tù, ọ́fíìsì tó bá sì ṣẹ̀ lè san ìtanràn ₦500,000. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé òfin àpapọ̀ ni, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa ìyẹn tì: ó de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Ẹ má fi lẹ́tà bèèrè ohun tó ti wà níta. Iye owó tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí gbà láti Àbújá, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ní káńsù ni bí wọ́n ṣe ná an: ìwé ìṣúná, àdéhùn kọngílá tó kọ́ ìsọ̀ ọjà, òfin tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà.

Bó bá kan owó sísan, rìsíìtì akápò ni kí ẹ gbà. Kì í ṣe àkáǹtì òṣìṣẹ́ ni kí ẹ rán an sí, bó ti wù kí ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára tó. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwà, kọ́tù máa ń fẹ́ rí ẹ̀rí pé ẹ san owó tí òfin ní kí ẹ san lórí ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 tún sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀dà bẹ́ẹ̀: gbólóhùn pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, ọjọ́, orúkọ òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú ipò rẹ̀ àti ìfọwọ́síwèé, àti òǹtẹ̀ bí ọ́fíìsì náà bá ní. Òǹtẹ̀ nìkan, tí kò sí orúkọ ẹni tó lù ú, ló pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń rí. Lọ́yà òdìkejì á fi ọwọ́ kan gbá a síta.

Kí ẹ tó kúrò lẹ́nu kántà, ẹ ka ìwé náà tán, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: orúkọ, ọjọ́, ìlú, orúkọ ìyá. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé ńlá àti ojú-ewé tí wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún ń wá a lẹ́yìn yín má bàa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà bò ó, torí pé bí ẹ bá fẹ́ lò ó lókè òkun, òǹtẹ̀ mìíràn ṣì máa wá sórí rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ìwé ńlá ṣì wà ní ṣíṣí níwájú akọ̀wé. Á fa ìlà sí i, á buwọ́ lù ú, á tẹ òmíràn. Bí ẹ bá gbé e délé kí ẹ tó rí i, ìwé ìbúra ní kọ́tù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ní kí ẹ mú wá.